Ìyá Dámi, Ẹni Tó Ń Bu Ti Àlejò Kí Ilé Tó Jẹun

Ó dìgbà náà o, Mojísọ́lá, ìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ọjọ́ rẹ̀. Ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Ikú mú ọ lọ, ó sì fi mí sílẹ̀, èmi tí n kò mọ iye kóńgò gàrí tí ilé ara mi ń jẹ lọ́sẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bi báyìí?

Àwọn àgbà ìjọ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú yìí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé aya rere ni ọ́, pé abiyamọ tòótọ́ ni ọ́, pé o kó ilé jọ. Gbogbo rẹ̀ lo jẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ìyẹn nìkan tí mo sì dákẹ́, n kò tíì sọ ohun tó wà nínú mi. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló gba iwájú. Èmi Adéwálé ọkọ rẹ, tí mò ń ti gẹdú sẹ́nu ayùn ní sọ́míìlì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ogún ọdún, ẹ̀rù ń bà mí bí ọmọdé tó sọ nù mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ọjà. Ara mi ni mò ń bẹ̀rù.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń sanwó fún wa. Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí o kú, mo gbowó, mo sì gba ilé lọ tààrà, mo bọ́ sí ilé ìdáná. Mo ṣí dúrọ́ọ̀mù gàrí, mo mú kóńgò lọ́wọ́, mo sì dúró. Ṣé mẹ́ta là ń bù ni, àbí mẹ́rin? Ṣé owó gáàsì ló kọ́kọ́ ń jáde ni, àbí owó iná? Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Dámilọ́lá ọmọ wa ló wọlé bá mi níbẹ̀. Ó gba kóńgò lọ́wọ́ mi, ó bu ìkúnwọ́ kan sọ́tọ̀ fún àlejò bí o ṣe máa ń ṣe, kó tó bu ti ilé. Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún, kì í ṣe nítorí pé o kú nìkan, bí kò ṣe nítorí pé n kò lè ṣe ohun tí ọmọ ọdún méjìdínlógún ń ṣe.

Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí tí kò wọ ilé wa rí lè máa bi ara rẹ̀ pé àlejò wo nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Láti Òde-Omi lo ti wá, ọmọ apẹja, ọmọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀sà. O wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Èmi ni mo gbé pákó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó fún tábìlì tí ọ̀gá rẹ fẹ́ kàn, bí a ṣe mọra nìyẹn. Ọwọ́ mi kì í gbówó dúró nígbà náà. Bí mo bá gbowó lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di Mọ́ńdè mo ti di ẹni tó ń tọrọ owó ọkọ̀. Ẹni tó ń ṣílé, mo wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́mọ jáde, èmi ni mo ra ohun mímu. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí ní Wálé Gbogbo-Ayé, orí mi sì ń wú. Ìwọ nìkan lo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí o gbọ́ orúkọ náà. O ní ẹni tó jẹ́ ti gbogbo ayé, kí ni yóò kù fún ìyàwó rẹ̀?

A ṣègbéyàwó. Ọdún kan kọjá, kò sí ọmọ. Ọdún kejì kọjá. Ní ọdún kẹta lo bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí n kò mọ ìdí rẹ̀. Kí o tó gbé oúnjẹ kaná, wàá bu ìkúnwọ́ kan nínú gàrí, tàbí nínú ìrẹsì, tàbí nínú ẹ̀wà, èyíkéyìí tí a bá fẹ́ jẹ, wàá dà á sínú kẹ́ẹ̀gì onídèérí pupa, ọ̀tọ̀ ni ti gàrí, ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀wà. Wàá ní, ti àlejò nìyẹn. Bí mo bá fún ọ lówó oúnjẹ, wàá yọ díẹ̀ níbẹ̀, wàá so ó mọ́ etí ìró. Ti àlejò nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ilé bá gbẹ, ìkúnwọ́ náà á kéré bíi ti ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í sí. Mo rò pé eré ni.

Ìyá mi tó ń bá wa gbé kò rò pé eré ni. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ọmọ Òkè-Sópẹ̀n ní Ìjẹ̀bú-Igbó pọ́ńbélé ni wọ́n, ọkàn wọn kì í sì í tètè balẹ̀ sí ẹni tó bá ti ojú omi wá. Wọ́n wo ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn: obìnrin tí kò tíì bímọ, tó ti ẹ̀bá ọ̀sà wá, tó ń fi oúnjẹ pamọ́ lójoojúmọ́ fún àlejò tí ẹnikẹ́ni kò rí. Wọ́n fà mí wọ yàrá lọ́jọ́ kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Adéwálé, lèsí ni àlejò yìí?" Lèsí, ìyẹn ni pé ta ni, lẹ́nu tiwa.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù rẹ ti wọ̀ mí lára. Jọ̀wọ́, má bínú, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mo ti gbọ́ ọ rí pé àwọn obìnrin kan ní ọkọ nínú omi, pé ọkọ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n bímọ fún ọkọ ayé. Mò ń jẹ oúnjẹ rẹ, mò ń ṣọ́ ojú rẹ. Bí o bá lọ kí àwọn ènìyàn rẹ ní Òde-Omi, n kì í lè jẹun títí wàá fi dé. Ó dé ibi tí mo ti ń rò ó pé bóyá àlejò yẹn gan-an ni baálé ilé, pé èmi ni àlè.

Ìyá mi lọ pe wòlíì ìjọ wa wá. Wọ́n gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ sáàárín pálọ̀, wọ́n tan àbẹ́là yí wọn ká, wòlíì ń lu agogo, ó ń pàṣẹ fún ẹni tó wà nínú gàrí pé kó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. O kúnlẹ̀ láàárín wa, ò ń ṣe àmín bíi tiwa. Nígbà tí àdúrà parí, wòlíì ní kí o dárúkọ àlejò náà fún òun.

O ní, "Ọmọ tí mò ń retí ni, Bàbá. N kò tíì mọ orúkọ rẹ̀."

Ìtìjú mú gbogbo wa. Ta ni kò mọ̀ nílẹ̀ yìí pé àlejò là ń pe ọmọ tuntun? Bí obìnrin bá bí, a ó lọ kí i pé ẹ kú oríire àlejò. Ẹnu wa ni ọ̀rọ̀ náà wà, a kò sì gbọ́ ọ nígbà tí ìwọ sọ ọ́. O ṣàlàyé pé ilé tó bá ń retí àlejò, oúnjẹ àlejò gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn, pé o kò fẹ́ kí ọmọ náà dé kó bá ìwọ àti èmi lọ́wọ́ òfo. Ìyá mi bú sẹ́kún, wọ́n sì dì mọ́ ọ. Wòlíì fẹ́ àbẹ́là pa. Ó wá rọra bi ọ́ bóyá ìyàwó òun lè wá wo bí o ṣe ń ṣe é, nítorí pé oúnjẹ kì í pẹ́ tán nílé tiwọn náà.

Ọdún méje la fi retí Dámilọ́lá. Nígbà tó dé, kò sí ohun tí a kò ní: aṣọ rẹ̀, oògùn rẹ̀, owó ilé ìgbẹ̀bí, àní ata tí a fi se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ. A kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wá ní ó tó, àlejò ti dé, kí a máa jẹ gbogbo gàrí wa. O ní ó ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì jókòó.

Bí ilé wa ṣe di ilé ìpàdé nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ti ilé ìsìn dé tí a sì bọ́ aṣọ funfun, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó yí tábìlì ká. Màá kó owó iṣẹ́ mi sílẹ̀, ìwọ náà á kó èyí tí o rí nínú aṣọ rírán sílẹ̀, lójú ọmọ, kò sí ìfipamọ́. Ti àlejò ló ń kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ oúnjẹ, gáàsì, iná, owó ọkọ̀, ti ìjọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé o kì í gbàgbé láti yọ ti Wálé Gbogbo-Ayé, èyí tí mo lè ná bó ṣe wù mí tí ẹnikẹ́ni kò ní bi mí. O ní ọkùnrin tí a kò bá fún ní tirẹ̀, yóò jí ti ẹlòmíràn mú. Láti ìgbà tí Dámi ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ló ti ń dá sí ọ̀rọ̀ níbi ìpàdé náà. Òun ló dá a lábàá lọ́dún tí gbogbo nǹkan gbówó lérí pé kí a máa mu ògì lówùúrọ̀ dípò tíì, òun náà ló sì kọ́kọ́ sunkún nígbà tí ògì dé.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè lò ń kó owó náà lọ fún lóṣooṣù. Mo bá ọ jiyàn lórí orúkọ ẹgbẹ́ yẹn rí. Mo ní ṣebí ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn àjẹyó ni wọ́n ń pè ní àjẹṣẹ́kù, kí ló dé tí a fi ń yọ tiwa kí a tó jẹun? Ò ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ lọ́wọ́, o kò gbójú sókè. O ní, "Ohun tí a bá dúró dè pé kó ṣẹ́kù kì í ṣẹ́kù, Bàbá Dámi. Ẹ̀yin ẹ wo ìkòkò yín."

Bí o ṣe ń ránṣọ gan-an nìyẹn. Yúnífọ́ọ̀mù Dámi, o kì í gé e bá ara rẹ̀ mu. Wàá fi aṣọ púpọ̀ pamọ́ sí etí rẹ̀ nínú, wàá ká a sókè nísàlẹ̀. Bí sáà bá tún yí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti gùn, wàá tú okùn, wàá sọ ọ́ kalẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù kan lo ọdún mẹ́ta lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ rẹ̀ ń bá a dàgbà.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti ru igbá yẹn rí, àwọn kan nínú ẹ̀yin tó wà níhìn-ín sì jẹ níbẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, Dámi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé ẹgbẹ́ nígbà náà, torí pé èmi ni olórí ilé. N kò sọ fún ọ. Mo lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, mo gba gbogbo owó àlejò, mo fi ra màlúù, mo fi gba àga àti àtíbàbà. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi yìn mí. O dúró tì mí, ò ń fún àwọn ènìyàn lómi.

Kò pé oṣù méjì tí ibà mú Dámi. Ara rẹ̀ gbóná títí gìrì fi mú un. Nílé ìwòsàn wọ́n kọ àwọn ohun tí a máa rà sínú ìwé fún wa, n kò sì ní nǹkan kan lápò. Mo sáré láti ilé dé ilé ní ọ̀sán gangan, ní ilé àwọn tó jẹ màlúù mi. Ọ̀kan kò sí nílé. Ọ̀kan ní kí n padà wá lọ́la. Ọ̀kan fún mi ní owó ọkọ̀ tí màá fi padà. Mò ń sáré, mò ń gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́yìn mi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lẹ́yìn mi. Títí di òní olónìí, bí mo bá rántí ọ̀sán yẹn, òógùn á bò mí. Nígbà tí mo fi padà dé, o ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ. Owó rẹ̀ la fi tọ́jú ọmọ wa. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lo fi ń fi ọwọ́ ránṣọ kí o tó rí ẹ̀rọ mìíràn rà, abẹ́rẹ́ gún ìka rẹ títí ó fi le koránkorán. O kò bá mi jà. Lọ́jọ́ kan ṣá, tí mò ń bẹ̀ ọ́, o ní, "Òkú ti jẹun yó, Bàbá Dámi. Alààyè ló kù." Mo búra fún ọ pé láéláé n kò tún ní fi ọwọ́ kan án.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo bá ọ bínú lé lórí, n kò sì ní gbé e pamọ́ nítorí pé o ti kú. Nígbà tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru, wọ́n fún ọ ní oògùn tí wàá máa lò lójoojúmọ́. Ẹ̀yìn ikú rẹ ni mo tó rí sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn náà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ. O ti ń fi ọ̀bẹ dá wọn sí méjì, ò ń lo ìdajì kí ó lè pẹ́, nítorí pé owó rẹ̀ ń lọ sókè. O kò mú ọ̀rọ̀ yẹn wá sí ìpàdé ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo nǹkan ni à ń gbé sórí tábìlì, ìyẹn nìkan lo dá pinnu. Mojísọ́lá, a kì í bu ti àlejò nínú oògùn. Ẹ̀yin ìyá tó ń ka ìwé yìí, tí ẹ mọ bí a ti ń ṣọ́wó ná, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ lọ wo oògùn yín nílé. Bí ẹ bá ń dá a sí méjì, ẹ sọ fún ọkọ yín. Kó ta bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí a gbé ọ dé ilé ìwòsàn, apá kan ara rẹ ti kú, ọ̀rọ̀ sì ti wúwo lẹ́nu rẹ. O fi ọwọ́ kan tó kù fà mí mọ́ra. Mo rò pé o fẹ́ mu omi. O ní, "Èmi kọ́ ni àlejò o, Bàbá Dámi. Ẹ má fi oúnjẹ àlejò sin mí." Mo búra fún ọ lẹ́ẹ̀kejì. O wò mí pẹ́. N kò mọ ohun tí ojú yẹn ń sọ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n báyìí.

Ìbúra mi kò pé ọjọ́ mẹ́wàá. Kí àwọn ẹbí mi má bínú sí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé, tí mo bọ̀wọ̀ fún bíi bàbá, kó wa jọ, wọ́n ní a kò lè sin ọ́ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Wọ́n ní àwọn ará Òde-Omi ń bọ̀, wọ́n á máa wo ọwọ́ wa. Wọ́n ní kí ni àwọn ará sọ́míìlì yóò sọ, ṣebí gbogbo ayé mọ̀ pé ìyàwó mi lówó nípamọ́. Mo ní owó ilé ìwé Dámi ni, pé ó ti rí yunifásítì wọ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́, ọjọ́ ìsanwó sì ti súnmọ́lé. Wọ́n ní ilé ìwé yóò dúró, òkú kì í dúró. Mo wo ojú wọn, ìsìnkú bàbá mi, ìyìn ọjọ́ kan yẹn, gbogbo rẹ̀ tún padà wá sí mi lórí. Ọ̀rọ̀ wọn ń wọ̀ mí létí, ó sì ń dùn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nìyẹn, pé ó dùn.

Mo lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Mo lọ o, Mojísọ́lá. Mo jókòó síwájú akọ̀wé ẹgbẹ́, mo ní mo fẹ́ gba owó wa. Ó ṣí ìwé, ó wò ó, ó tún wò mí. Ó ní orúkọ mi ti kúrò níbẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni tìrẹ. Ìwọ fúnra rẹ lo wá, o ní kí wọ́n kọ orúkọ Dámilọ́lá síbẹ̀, òun nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan pé kí ọmọ náà fọwọ́ sí i nílé kí n gbé e padà wá.

Bí mo ṣe jáde síta báyìí, mo fi ara ti ògiri. Ojú tó o fi wò mí níbi ibùsùn wá yé mi. O bẹ̀rù mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la fi jọ gbé, mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe, àṣé ìwọ náà mọ̀, àṣé ò ń sùn tì mí, o sì ń bẹ̀rù mi. N kò lè sọ pé o ṣẹ̀ mí. Ibi tí o ti mọ̀ pé màá dé gan-an ni mo dé yẹn, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi.

Mo gbé fọ́ọ̀mù náà dé ilé. Wọ́n pe Dámi sí pálọ̀, wọ́n gbé bírò lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá rẹ ni a fẹ́ sin, ọmọ mi, kọ orúkọ rẹ síbí." Ọmọ náà ka ìwé yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò wo ẹ̀gbọ́n mi, èmi ló wò.

Ó ní, "Dádì, bí ẹ bá ní kí n fọwọ́ sí i, màá fọwọ́ sí i."

Mojísọ́lá, o ti ro gbogbo rẹ̀, o kò ro ìyẹn. O gbé owó náà kúrò lọ́wọ́ mi, o gbé e fún ọmọ tí o ti kọ́ láti máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọ̀nà tí o gbà sá fún mi tún yí padà wá sọ́dọ̀ mi. Gbogbo pálọ̀ ń retí ohun tí màá sọ. N kò tíì bẹ̀rù báyẹn rí, kì í ṣe ọ̀sán tí gìrì mú Dámi, kì í ṣe ọjọ́ tí o mí èémí ìkẹyìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ̀rọ̀.

Mo ní kó má fọwọ́ sí i.

Ohùn mi kò ròkè, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n jáde. Bí wọ́n bá wá sí ìsìnkú lónìí, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Bí wọn kò bá wá, mo ṣì dọ̀bálẹ̀.

Ohun tí ẹ̀yin èrò rí nìyẹn. Ìdí tí ìwé yìí fi jẹ́ ewé mẹ́rin nìyẹn, tí pósí fi jẹ́ pákó lásán, èyí tí èmi àti àwọn ará sọ́míìlì là, tí a sì kàn fúnra wa. Ìdí tí ìrẹsì fi níwọ̀n nìyẹn. Ẹ̀yin ará Òde-Omi, ẹ̀yin àna mi, mo mọ̀ pé ọmọ yín ju báyìí lọ. Ẹ má wo ìsìnkú yìí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Dámi yóò san owó ilé ìwé rẹ̀, kò sì ní yá kọ́bọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kí gbogbo yín lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, nítorí pé n kò tíì fọkàn tán ara mi. Bí ẹ bá rí mi níbi tí kò yẹ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ rán mi lọ sílé. Bí mo bá tọrọ ìwé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, ẹ bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Aya mi, Àjíkẹ́, ọmọ ọlọ́sà, obìnrin tó fi ìkúnwọ́ gàrí kọ́ ilé. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní parọ́ fún ọ lẹ́nu ibojì. Ẹ̀rù gáàsì tó fẹ́ tán ń bà mí, ẹ̀rù ọjọ́ Ìsinmi tí àwa méjì nìkan yóò jókòó ń bà mí, ẹ̀rù ọwọ́ mi yìí náà ń bà mí. Ṣùgbọ́n tìrẹ ti tó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti tó. Sọ ẹrù rẹ kalẹ̀ fún mi, kí o sì kó ẹ̀rù rẹ lé e lórí, èmi ni yóò máa rù ú.

Má bẹ̀rù mi mọ́. Sùn re o, Mojísọ́lá.